Páànù Orí Ilé Wa La Fi Ṣe Gọ́tà

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ máa ń wá bá mi pé iṣẹ́ wo ló dáa kí ènìyàn kọ́, ẹ wá jókòó. Èyí tí kò bá rí àga, kó jókòó sí etí pèpéle. N kò lè sọ fún yín pé ẹ kọ́ èyí, kí ẹ fi ìyẹn sílẹ̀, torí iṣẹ́ kan ṣoṣo ni mo mọ̀, òun náà ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì. Bíríkìlà ni mí, ṣùgbọ́n ilé tí mo kọ́ láyé mi kò tó nǹkan. Gọ́tà ni mo ṣe. Ọ̀nà tí omi òjò ń gbà kúrò níwájú ilé àwọn ènìyàn ni mo fi ọjọ́ ayé mi là. Jóṣúà lorúkọ mi. Àwọn àgbà Kétu ṣì ń pè mí ní Jóṣúà Onígọ́tà, mo sì máa ń dá wọn lóhùn tayọ̀tayọ̀.

Owódé Ẹ̀gbá ni mo ti wá sí Èkó. Ogun abẹ́lé ṣẹ̀ṣẹ̀ parí nígbà náà, ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan tó bá dé ló ń já ènìyàn tuntun sílẹ̀. Mo ti lé lọ́mọ ogún ọdún. Mo ti ṣe iṣẹ́ oko, mo ti ru ẹrù nínú ọjà, kò sí èyí tí mo fẹ́ fi dàgbà níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tí mo wá bá ní Kétu ló mú mi lọ kọ́ṣẹ́ sọ́dọ̀ Ọ̀gá Múfútáù, bíríkìlà tó ń ṣe gọ́tà. N kò ní fi ọ̀rọ̀ owó iṣẹ́ da yín láàmú. Ó fún mi lóúnjẹ, ó fún mi níbi tí mo sùn, lẹ́yìn ọdún mélòó kan ó bẹ̀rẹ̀ sí í fún mi lówó.

Ọmọ Agboyi ni Ọ̀gá Múfútáù, etí odò ni wọ́n bí i sí. Apẹja ni bàbá rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ máa ń bá àwọn tó ń wa yanrìn wọ ọkọ̀ ojú omi láàárọ̀, wọ́n á já a sílẹ̀ níbi tí ọkọ̀ yanrìn ń gúnlẹ̀ sí, á sì fẹsẹ̀ rìn dé ibi iṣẹ́. Ó ga, ó tínrín, kì í pariwo. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dé, ó wò mí látòkè délẹ̀, ó ní:

“Kí lo mọ̀ nípa omi?”

Mo ní, “Mo mọ̀ ọ́n mu, sà.”

Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Tí òjò bá ti ń rọ̀, ìwọ má sá wọlé. Máa tẹ̀lé omi. Ibi tó bá ti sáré, kí o sáré. Ibi tó bá ti dúró, kí o dúró níbẹ̀ títí yóò fi lọ. Tí òjò bá dá, wá sọ ohun tí o rí fún mi.”

Mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Odindi ìgbà òjò kan ni mo fi ṣe é. N kò di ṣọ́bìrì mú, n kò fọwọ́ kan sìmẹ́ńtì. Ọ̀pá kan ló wà lọ́wọ́ mi tí mo fi ń wọn bí omi ṣe jìn tó, mo ń rìn láti òkè òpópónà wa ní Kétu sọ̀ kalẹ̀ lọ sí apá Alápẹ̀rẹ̀, aṣọ lẹ̀ mọ́ mi lára. Àwọn ènìyàn ń wò mí látojú fèrèsé. Àwọn kan ń gbàdúrà fún mi.

Ìyá Sílífá nìkan ló jáde bá mi. Opó ni wọ́n, àlùbọ́sà ni wọ́n ń tà lọ́pọ̀ ní ọjà Kétu, ilé wọn ló wà nísàlẹ̀ pátápátá, níbi tí gbogbo omi òpópónà wa ti ń péjọ. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà wọn, omi ti dé kókósẹ̀ wọn, wọ́n ń fi igbá gbọ́n ọn síta.

“Ọmọ yìí, ṣé kò sí nǹkan tó ń ṣe ọ́?”

“Iṣẹ́ ni, mà. Ọ̀gá mi ló ní kí n máa tẹ̀lé omi.”

“Ó ti mú ọ dé ilé rẹ̀ nìyẹn. Wọlé wá mu ògì gbígbóná.”

Láti ọjọ́ náà ni mo ti di ọmọ ilé wọn.

Nígbà tí ìgbà òjò parí, Ọ̀gá Múfútáù ní kí n fi ọ̀pá ya gbogbo òpópónà náà sórí ilẹ̀. Mo yà á. Mo mọ ibi tí omi ti ń yà, mo mọ ilé tó ń da omi rẹ̀ sí ilé kejì, mo mọ ibi tí ilẹ̀ tẹ́jú tó ń tan ojú jẹ. Ó wò ó, ó mi orí bí ẹni tó gbà. Lọ́jọ́ kejì ló fún mi ní ṣọ́bìrì.

Ọ̀gá mi kì í lu ènìyàn. Ohun tó máa ń ṣe burú ju ẹgba lọ. Á wo iṣẹ́ tí o ti fi gbogbo ọjọ́ ṣe, á ní, “Fọ́ ọ.” Á kọjá lọ. Kò ní sọ ohun tó ṣe é. Ìwọ lo máa wá a rí nígbà tí o bá ń fọ́ ọ. Ó máa ń ti ọwọ́ bọ inú àpò sìmẹ́ńtì dé ìgúnpá kó tó gbà á. Lọ́dún tí ọkọ̀ ojú òkun tó kó sìmẹ́ńtì kún èbúté Èkó, tí òmíràn ti le gbagidi nínú àpò, àwọn bíríkìlà tó kù ń fi òòlù fọ́ ọ lò torí owó pọ́ọ́kú ni wọ́n ń tà á. Ọ̀gá mi lé ọkọ̀ tó gbé e wá bá a padà.

Irin-iṣẹ́ wa nígbà náà kò ju rọ́bà omi, okùn àti èèkàn lọ. Rọ́bà tó mọ́ gaara ni, gígùn rẹ̀ tó ilé mẹ́ta. A máa ń rọ omi kún inú rẹ̀, èmi á di etí kan mú, ẹlòmíràn á di etí kejì mú níbi tó jìnnà. Ibi tí omi bá dúró sí lọ́wọ́ mi, ibẹ̀ náà ló máa dúró sí lọ́wọ́ ẹnì kejì. Ohun tí a fi ń mọ̀ bí ilẹ̀ ṣe ń lọ sílẹ̀ sí nìyẹn. Mo fẹ́ràn rọ́bà náà gan-an. Ọmọ bíńtín afẹ́fẹ́ tó bá há sínú rẹ̀ lè bá gbogbo ìwọ̀n jẹ́, a sì gbọ́dọ̀ fi sùúrù lé e jáde.

Báyìí ni mo dé ibi tí mo ń bọ̀. Òpópónà wa kò ní gọ́tà. Lọ́dọọdún ni omi ń wọ ilé àwọn tó wà nísàlẹ̀. Àwọn onílé kọ̀wé sí káńsù, káńsù sì rán ẹnjiníà kan wá, ọ̀dọ́mọkùnrin tó wọ ṣòkòtò péńpé àti ìbọ̀sẹ̀ gígùn. Ó bá wa sọ òtítọ́. Ó ní:

“Owó orí ilé tí ẹ ń san, títì ńlá ló ń gbé e mì. Kò ní kan òpópónà yín láìpẹ́. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá lè ṣe gọ́tà yín fúnra yín dé etí títì, káńsù á gbẹ́ abẹ́ títì, a máa ri òrùka kọnkéré ńlá síbẹ̀, omi á sì gba ibẹ̀ lọ sí odò.”

Inú gbogbo wa dùn. Wọ́n ní kí kálukú mú ohun tí agbára rẹ̀ bá ká wá. Ẹ ò rí i, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti wọ́. Àwọn tó wà lókè òpópónà ní omi kì í wọ ilé àwọn, kí ni àwọn fẹ́ san nǹkan fún? Àwọn tó wà nísàlẹ̀ kò ní lọ́wọ́. A jókòó sí ìpàdé lẹ́ẹ̀mẹta, ariwo nìkan ni a rí kó jọ. Níkẹyìn, Alájì Gàníyù dìde. Alájì ló ní ilé tó tóbi jù láàárín òpópónà, wọ́n sì ní ṣọ́ọ̀bù mẹ́rin nísàlẹ̀, tó dojú kọ ilé Ìyá Sílífá. Wọ́n ní, “Ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Èmi á gbé èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀.” Wọ́n ra sìmẹ́ńtì, wọ́n ra òkúta. A ṣàdúrà fún wọn títí ohùn wa fi há.

Ọ̀gá Múfútáù ta okùn láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó kan èèkàn mọ́lẹ̀, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. A ti ṣe é dé nǹkan bí ìdajì nígbà tí ojú bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Wọ́n ní wọ́n máa ṣiṣẹ́ abẹ fún ojú náà, ó sì máa sinmi ní Agboyi fún oṣù méjì. Kó tó wọ ọkọ̀, ó dì mí léjìká mú. Ó ní, “Iṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ. Okùn tí mo ta, má ṣí i.”

Mo ní, “N kò ní ṣí i, sà.”

Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan tí Alájì Gàníyù fi wá bá mi láàárọ̀. Wọ́n gbé àga wá, wọ́n jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí mo ti ń gbẹ́lẹ̀.

“Jóṣúà ọmọ mi, o kú iṣẹ́. Gọ́tà yìí fẹ́ gba iwájú ṣọ́ọ̀bù mi kọjá.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Alájì.”

“Báwo ni àwọn oníbàárà á ṣe máa fò ó? Yí i díẹ̀ sí òdìkejì. Kó gba ẹ̀gbẹ́ ògiri Ìyá Sílífá.”

“Alájì, ọ̀gá mi ló ta okùn, sà.”

Wọ́n yí ojú sí òkìtì sìmẹ́ńtì tí a fi tapólì bò. Ohùn wọn kò le rárá. Wọ́n ní, “Ṣé ọ̀gá rẹ ló ra sìmẹ́ńtì ni?”

Wọn kò fún mi ní kọ́bọ̀, wọn kò sì halẹ̀ mọ́ mi. Mo mọ̀ pé tí gọ́tà bá ṣẹ́rí níbẹ̀, omi tó ń sáré bọ̀ látòkè máa fi orí gbá a. Mo ti tẹ̀lé omi náà tó. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀rù wọn, àti pé, kí n má purọ́ fún yín, ó tún wù mí pé èmi tí mo ṣì ń kọ́ṣẹ́ ni bàbá ńlá bẹ́ẹ̀ wá bá jíròrò. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi fa èèkàn mẹ́fà tu. Mo ta okùn tuntun. Ìyá Sílífá gbé omi tútù wá fún mi lọ́sàn-án ọjọ́ náà, wọ́n bi mí pé kí ló dé tí gọ́tà sún mọ́ ògiri wọn, mo ní bí iṣẹ́ ṣe ń lọ ni.

Òjò ńlá àkọ́kọ́ rọ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ kan. Mo wà lókè òpópónà. Mo rí i tí omi kún gọ́tà, inú mi kọ́kọ́ dùn, ó ń sáré bí mo ṣe fẹ́. Lẹ́yìn náà mo rántí ibi tó ṣẹ́rí, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré tẹ̀lé e. Ewé, pákó àti àpò ti há síbẹ̀ kí n tó dé. Omi fo gọ́tà, ó ń gbá ògiri Ìyá Sílífá, ó ń wọ abẹ́ rẹ̀. Ìyá Sílífá wà lẹ́yìn ògiri náà, wọ́n ń gbé àpò àlùbọ́sà wọn sókè kó má tutù. Mo pariwo orúkọ wọn. Ògiri náà wó níṣojú mi.

Ẹsẹ̀ wọn ọ̀tún ni ó wó lù. Èmi àti ọkùnrin mẹ́ta la gbé búlọ́ọ̀kù kúrò lórí wọn, a yọ ilẹ̀kùn kan, orí rẹ̀ la gbé wọn sí dé ojú títì ká tó rí mọ́tò tó gbé wa lọ sí ilé ìwòsàn. Àlùbọ́sà ń léfòó lọ lójú ọ̀nà, àwọn ènìyàn ń ṣà á. Ìyá Sílífá di ọwọ́ mi mú gírígírí. Ohun tí wọ́n ń tún sọ ni pé, “Jóṣúà, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni mo kó àpò mẹ́ta tó kù sí. Bá mi wò ó.” Mo ń sunkún, wọ́n rò pé àánú wọn nìkan ló ń ṣe mí.

Ní ọjọ́ kẹta, Ọ̀gá Múfútáù dé pẹ̀lú aṣọ funfun tí wọ́n fi di ojú rẹ̀ kan. Àwọn onílé ti péjọ síbi ògiri tó wó. Alájì Gàníyù ń sọ pé òjò ọdún yìí lágbára, pé kí Ọlọ́run má jẹ́ ká rí irú rẹ̀ mọ́. Ọ̀gá mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ọwọ́ tọ ẹ̀gbẹ́ gọ́tà náà láti ibi tó ti yà títí dé ibi tó ti padà sọ́nà. Ó nà dúró.

“Ta ló ṣí okùn mi?”

Alájì ń wo òkè. Kò sẹ́ni tó mọ̀ yàtọ̀ sí àwa méjèèjì. Mo lè sọ pé èèkàn ló yẹ̀. Mo ní:

“Èmi ni, sà.”

“Kí ló dé?”

Mo wo Alájì, mo wo ilẹ̀. Mo ní, “Ẹ̀rù ló bà mí, sà. Mo sì mọ̀ pé kò dáa.”

Ó ní, “Fọ́ ọ.”

Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi díígà fọ́ ọ, kò sẹ́ni tó ràn mí lọ́wọ́, mo sì dúpẹ́ pé wọn kò ràn mí lọ́wọ́. Mo ń retí pé tí mo bá fọ́ ọ tán, ó máa ní kí n máa lọ sílé. Nígbà tí mo parí, mo ti di ẹrù mi. Ó bá mi níbi tí mo ti ń dì í. Ó ní, “Níbo lò ń lọ? Ta ló fẹ́ tún un ṣe?”

Ṣùgbọ́n kí la fẹ́ fi tún un ṣe? Sìmẹ́ńtì ti tán. Àwọn tó ti mú nǹkan wá lẹ́ẹ̀kan ní àwọn kò ní mú u wá mọ́. Alájì náà sì ti bínú, wọ́n ní àwọn ti ṣe tiwọn.

Lákòókò yìí, mo ń lọ wo Ìyá Sílífá lójoojúmọ́. Wọ́n ti gbé wọn wálé, wọ́n nà gbalaja sórí bẹ́ẹ̀dì, ẹsẹ̀ wà nínú sìmẹ́ńtì funfun tí àwọn oníṣègùn fi dì í. Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ fún wọn. Wọ́n kọ ojú sí ògiri.

“Gbogbo wọn ní òjò ni. Èmi náà ti gbà pé òjò ni.”

“Kì í ṣe òjò, mà. Èmi ni.”

“Kí ló dé tí o gbà fún un?”

“Sìmẹ́ńtì wọn ni, mà.”

Ọjọ́ mẹ́ta ni wọn kò fi bá mi sọ̀rọ̀, mo ṣáà ń lọ, mo ń pọnmi sílẹ̀, mo ń gbálẹ̀. Ní ọjọ́ kẹrin, òjò wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ kan ń rọ̀ sórí páànù. Wọ́n pè mí.

“Jóṣúà, mo ti dùbúlẹ̀ síbí, n kò rí nǹkan mìíràn wò ju òkè lọ. Páànù mélòó ló wà lórí ilé mi?”

Mo jáde lọ kà á. Mo ní, “Méjìdínlọ́gbọ̀n, mà.”

“Ti Alájì ńkọ́?”

“Á pọ̀ o, mà.”

“Omi tó ń bọ́ látorí páànù mi, èmi ni mo ni ín, àbí? Èyí tó ń bọ́ látorí páànù Alájì, àwọn ló ni ín. Ká má bi ẹnì kankan pé kí ló fẹ́ mú wá. Ká lọ ka páànù orí ilé rẹ̀.”

Nígbà ìpàdé tó tẹ̀lé e, Ìyá Sílífá fi ọ̀pá rìn wá sí ọgbà ilé-ìwé. Gbogbo ènìyàn dìde fún wọn. Wọ́n sọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún mi. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Bàbá kan láti òkè òpópónà, tí wọ́n ń pè ní Bàbá Tíṣà, ní:

“Ìyá Sílífá, ẹ kú ìrora. Ṣùgbọ́n omi kì í wọ ilé tèmi.”

“Ó ń jáde nílé yín, Bàbá Tíṣà. Ibo lẹ rò pé ó ń lọ?”

Bàbá Tíṣà jókòó. Nígbà náà ni Alájì Gàníyù wá béèrè, ohùn wọn kò fi bẹ́ẹ̀ jáde, “Tí mo bá san iye tó kàn mí nìkan, ṣé mo ṣì lè bá bíríkìlà sọ̀rọ̀?”

Ìyá Sílífá ní, “Ẹ lè bá a sọ̀rọ̀, Alájì. Bí èmi náà ṣe lè bá a sọ̀rọ̀.”

A fẹnu kò sí i pé ogún páànù, àpò sìmẹ́ńtì kan. Ẹni tí tirẹ̀ kò bá pé ogún, kí òun àti aládùúgbò rẹ̀ pa á pọ̀. Àwọn tó háyà yàrá kò ní san nǹkan. Onílé ni òrùlé wà lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi ni wọ́n ní kí n lọ kà á, mo gbé àkàsọ̀ léjìká láti ilé dé ilé fún odindi ọ̀sẹ̀ kan. Mo gbádùn ọ̀sẹ̀ náà jù. N kò mọ̀ rí pé ènìyàn lè mọ òpópónà rẹ̀ látòkè. Mo rí páànù tó ti dípẹtà tí wọ́n gbé taya lé, mo rí bọ́ọ̀lù mẹ́rin tí àwọn ọmọ ilé-ìwé gbá sókè.

Ìmáàmù ló kọ́kọ́ pè mí pé kí n wá ka ti mọ́ṣáláṣí. Bàbá ìjọ tó ń ṣọ́ ṣọ́ọ̀ṣì ní òjò Ọlọ́run ló ń rọ̀ sórí ilé Ọlọ́run, kò yẹ ká kà á. Ìyá Sílífá ránṣẹ́ sí wọn pé àwọn gbà bẹ́ẹ̀, kí wọ́n ṣáà bá wa bẹ Ọlọ́run kí ó gbé omi náà padà sókè lẹ́yìn tó bá ti rọ̀ tán. Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e, sìmẹ́ńtì ṣọ́ọ̀ṣì dé.

Alájì Gàníyù ní ọgọ́jọ ni páànù tiwọn. Mo kà á, ó jẹ́ ọgọ́sàn-án ó lé mẹ́rin. Wọ́n ní n kò mọ̀ ọ́n kà. Wọ́n ká agbádá wọn, wọ́n gun àkàsọ̀ náà fúnra wọn, mo dì í mú nísàlẹ̀. Wọ́n kà á lóhùn rara, wọ́n ṣì í kà, wọ́n tún un kà. Nígbà tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀, ìpẹtà ti ba aṣọ wọn jẹ́. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. “Láti ìgbà tí mo ti ń gbé abẹ́ rẹ̀, n kò mọ iye rẹ̀.” Wọ́n mú àpò mẹ́wàá wá. Wọn kò bá mi sọ̀rọ̀ okùn mọ́.

A ta okùn bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Gọ́tà gba iwájú ṣọ́ọ̀bù Alájì kọjá, mo sì da pèpéle kọnkéré mẹ́rin bò ó kí àwọn oníbàárà lè rìn lórí rẹ̀. Pákó ni a fi há kọnkéré náà títí tó fi le, ọwọ́ ni a fi pò ó. Ọ̀gá Múfútáù jókòó sórí òkúta, ó ń fi ojú kan wò mí.

A ṣe é dé etí títì. Káńsù kò wá. Ẹnjiníà ní àwọn ọ̀gá òun sọ pé kò sí owó fún un lọ́dún náà mọ́, òjò sì ti ń bọ̀. Kí la fẹ́ ṣe? Omi máa dé etí títì ni, á sì dúró síbẹ̀. Mo mú ìwé tí mo kọ iye páànù ilé kọ̀ọ̀kan sí lọ bá a ní ọ́fíìsì, bóyá ó lè ràn wá lọ́wọ́. Ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó béèrè, “Gbogbo wọn ló san án?” Mo ní gbogbo wọn, títí kan mọ́ṣáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì. Ó gbé ìwé náà wọlé lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀ pátápátá, mo sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tó jáde, ó ní kí n máa lọ sílé. Mo lọ pẹ̀lú ìbànújẹ́. Ọjọ́ kọkànlá lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ akẹ́rù méjì gbé òrùka kọnkéré wá sí etí títì, káńsù sì rì wọ́n sábẹ́ rẹ̀.

Òjò tó dán an wò kò pẹ́ rọ̀. Gbogbo òpópónà jáde síta, àwọn kan di agboòrùn mú, àwọn kan dúró lásán. Ìyá Sílífá gbé àga sí ẹnu ọ̀nà wọn, wọ́n sì ní kí n tú àpò àlùbọ́sà méjì sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú yàrá. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ ká dúró ná. Wọ́n kọ̀ jálẹ̀. Ọ̀gá Múfútáù bẹ̀rẹ̀ láti òkè, ó ń bá omi rìn bọ̀ nínú òjò, ó kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù Alájì, ó kọjá níwájú Ìyá Sílífá, ó dé etí títì, ó sọdá sí òdìkejì, ó dúró wo ibi tí omi ti ń tú jáde sí ọ̀nà odò. Mo tẹ̀lé e. Ó wò ó títí. Ó ní, “Ó dára.” N kò gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ rí. Nígbà tí a padà, àlùbọ́sà Ìyá Sílífá gbẹ fúrúfúrú lórí ilẹ̀, wọ́n ń jó pẹ̀lú ọ̀pá wọn.

Ẹnjiníà náà ló pè mí sí káńsù lẹ́yìn tí mo gba òmìnira. Ibẹ̀ ni mo wà títí mo fi di fọ́míánù. Mo rí i tí nǹkan ń yí padà. Pákó tí a fi ń há kọnkéré di irin. Ẹ̀rọ dé tó ń po kọnkéré, ẹ̀yìn wa sinmi. Wọ́n gbé awò ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta dé, tí ènìyàn ń fi ojú kan wò láti mọ bí ilẹ̀ ṣe lọ sí. Mo kọ́kọ́ kórìíra rẹ̀, torí mo rò pé ó máa sọ mí di aláìmọ̀. Nígbà tí mo mọ̀ ọ́n lò, mo rí i pé ó yára, kò sì ní afẹ́fẹ́ tí ènìyàn ń lé jáde. Ṣùgbọ́n mo ṣì máa ń lọ síbi iṣẹ́ nínú òjò kí n tó gbé e kalẹ̀.

Àwọn òpópónà kan ní Ìkòsí àti Alápẹ̀rẹ̀ gbọ́ nípa páànù kíkà, wọ́n ní ká wá bá wọn ṣe é. Ó ṣiṣẹ́ ní òmíràn. Ní òmíràn, wọ́n lé mi sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàsọ̀. Nígbà tí ọjà ńlá kó lọ sí Mile 12, pàǹtírí di ìjà tuntun, nítorí gọ́tà tó dára jù kò lè gbé ewé àti àpò jíjẹrà. A kọ́ láti máa kó o lóòrèkóòrè, a sì tún kọ́ pé owó kíkó o gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ kí a tó gbẹ́ gọ́tà rárá. Ìyá Sílífá ṣòwò níbẹ̀ títí wọ́n fi dàgbà. Ẹsẹ̀ wọn kò padà sípò tán. Wọn kò sọ ọ́ lójú mi rí, ṣùgbọ́n mo ń rí i bí wọ́n ṣe ń rìn, mo sì ń ru ẹrù wọn nígbàkígbà tí mo bá pàdé wọn.

Ẹ bi mí bóyá iṣẹ́ yìí dáa. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọjọ́ tí mo fẹ̀yìn tì fún yín. Káńsù ṣe ìpàdé kékeré kan fún mi nínú gbọ̀ngàn kan nítòsí Ogudu, lójú ọ̀nà kan tí èmi náà wà níbi gọ́tà rẹ̀. Òjò ńlá rọ̀ láti àárọ̀ títí di nǹkan bí aago méjì, mo rò pé kò sẹ́ni tó máa wá. Aago mẹ́ta lù, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Mo jókòó níwájú, n kò wo ojú ẹnikẹ́ni, ẹsẹ̀ wọn ni mo ń wò. Bàtà wọn gbẹ. Àwọn obìnrin wọ aṣọ tó ń wọ́ nílẹ̀, etí rẹ̀ kò ní ẹrẹ̀. Wọ́n sọ̀rọ̀ nípa ìwà mi, wọ́n sọ̀rọ̀ nípa bí mo ṣe máa ń tètè dé ibi iṣẹ́, wọ́n fún mi ní aago ara ògiri. Kò sí ẹnì kan ṣoṣo tó mẹ́nu ba ọ̀nà tó gbà wá. Mo rẹ́rìn-ín láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ìyàwó mi sì ń bi mí pé kí ló ń pa mí lẹ́rìn-ín.